Kí ni Lesebühne? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa alẹ́ àwàdà àti ìkàwé àwọn ará Berlin

Ẹni tó ń ná ọjà ọrọọrún kò nílò kí ẹnikẹ́ni lu agogo pè é. Ó mọ ọjọ́ ọjà. Bí òjò rọ̀, bí oòrùn ràn, ó mọ̀ pé òun máa bá oníṣu nídìí iṣu, òun sì máa bá aláta ní ìsọ̀ rẹ̀.

Irú ìgbẹ́kẹ̀lé yìí ló gbé Lesebühne ró ní Berlin, olú ìlú orílẹ̀-èdè Jámánì. Lesebühne ni alẹ́ àwàdà àti ìkàwé tí àwọn òǹkọ̀wé mélòó kan jọ máa ń ṣe ní ibì kan náà, lọ́jọ́ kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lóṣooṣù. Àwọn onílé kì í yí padà, àlejò ló ń yí padà.

Láti nǹkan bí ọdún 1990 tó ti bẹ̀rẹ̀, inú irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan lára àwọn òǹkọ̀wé tí ìwé wọn ń tà wàràwàrà ní Jámánì ti jáde. Àmọ́ yàrá olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irú yàrá bẹ́ẹ̀ sì ti ń ṣọ̀wọ́n ní Berlin báyìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ta ló dá a sílẹ̀, kí ló sì jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí? Àlàyé rẹ̀ rèé.

Kí ni Lesebühne gan-an?

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn ará Jámánì so pọ̀. "Lesen" ni kéèyàn kàwé, "Bühne" sì ni orí ìtàgé. Tí a bá pa á pọ̀, ìtàgé ìkàwé ni.

Kì í ṣe orúkọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Orúkọ irú eré kan ni, bí a ṣe ń sọ pé eré alárìnjó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀, ọjọ́ tirẹ̀ àti ilé ọtí tirẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó kọ ìtàn ló máa kà á fúnra rẹ̀. Ìkejì, ìtàn tuntun ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọ ọ́. Ìkẹta, ìtàn náà gbọ́dọ̀ yé èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá gbọ́ ọ, torí èrò tó jókòó ò ní ìwé lọ́wọ́ tí wọ́n máa ṣí padà sẹ́yìn.

Kí èyí tó dé, irú ìkàwé mìíràn ni wọ́n mọ̀ ní Jámánì. Òǹkọ̀wé á jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á gbé ife omi kan síwájú rẹ̀, á máa kàwé lọ fún nǹkan bíi wákàtí kan, gbogbo ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un: "Wasserglaslesung", ìyẹn ìkàwé onífe omi. Àwọn tó dá Lesebühne sílẹ̀ gbé ife omi kúrò, wọ́n gbé ìgò bíà síbẹ̀.

Báwo ni alẹ́ kan ṣe máa ń lọ?

Ilé ọtí ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é, tàbí gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ọtí. Èrò á san owó ẹnu ọ̀nà tí kò tó ti tíátà ńlá, wọ́n á ra bíà, wọ́n á wá ìjókòó. Ẹni tó bá pẹ́ dé á dúró sẹ́yìn tàbí kó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ohun tó wà lórí ìtàgé ò ju tábìlì kan, àga díẹ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. Àwọn onílé, tí wọ́n sábà máa ń tó mẹ́rin sí mẹ́fà, á jókòó síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò tíì kàn á máa gbọ́ ti ẹnìkejì rẹ̀, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín bíi ti èrò ìwòran.

Tó bá kan ẹnì kan, á mú bébà rẹ̀, á bọ́ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ka ìtàn tí kò ní gbà ju bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ. Wọ́n á kà á yípo, wọ́n á sinmi díẹ̀ kí èrò lè tún ra ọtí, wọ́n á tún kà á yípo lẹ́ẹ̀kejì. Àárín wọn ni àlejò ti máa ka tirẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń gbé gìtá wá, wọ́n á fi orin yí alẹ́ náà lọ́nà díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńláńlá. Ìjà aládùúgbò, ọkọ̀ ojú irin tó pẹ́, fọ́ọ̀mù ọ́fíìsì ìjọba tí kò yé ẹnikẹ́ni, ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ṣáá: inú irú nǹkan báyìí ni àwàdà ti ń jáde. "Mo" ni òǹkọ̀wé sábà máa ń lò, bíi pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Èrò mọ̀ pé ó ti bù mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó ń bínú.

Owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sábà máa ń pín. Bí èrò bá ṣe pọ̀ tó lálẹ́ ọjọ́ náà ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe máa tó. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn ló níṣẹ́ mìíràn tí wọ́n ń ṣe.

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 1989 ni Ògiri Berlin wó. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1990, Jámánì Ìlà-Oòrùn àti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn di ọ̀kan.

Kó tó dìgbà yẹn, ìwé kankan kì í jáde ní Ìlà-Oòrùn láìjẹ́ pé ìjọba fọwọ́ sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Ògiri wó, àṣẹ yẹn ò sí mọ́. Àmọ́ ìṣòro mìíràn wà nílẹ̀: ilé ìtẹ̀wé wo ló máa náwó lórí ìwé ẹni tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀?

Nǹkan kan wà tó pọ̀ rẹpẹtẹ nígbà náà, ìyẹn ni ilé. Ní àdúgbò Mitte àti Prenzlauer Berg, ilé àtijọ́ tó ṣófo pọ̀, owó háyà ò wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ tiẹ̀ ń kó wọ inú àwọn ilé kan láìgba àṣẹ. Ilé ọtí àti ìtàgé kéékèèké wá ń hù káàkiri bí olú. Ẹni tó kọ nǹkan lánàá lè rí ibi kà á lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1990 yìí ni Dr. Seltsams Frühschoppen bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó jẹ́ baba fún àwọn Lesebühne tó kù. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣe tiwọn. "Frühschoppen" ni ọtí tí àwọn ará Jámánì máa ń jọ mu láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Horst Evers, aláwàdà tí wọ́n bí lọ́dún 1967, wà lára àwọn tó ń kàwé níbẹ̀. Lónìí, gbogbo Jámánì ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1995, Reformbühne Heim & Welt dé. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni tiwọn. Ilé kan tí wọ́n ń pè ní Schokoladen, ní òpópónà Ackerstraße, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ni ilé náà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ. Nígbà tó yá, wọ́n kó lọ sí ilé ọtí Kaffee Burger.

Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ LSD mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní orúkọ yẹn dúró fún "Liebe statt Drogen", ìyẹn "ìfẹ́ dípò oògùn olóró". Surfpoeten mú ọjọ́rú. Chaussee der Enthusiasten, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1999, mú Ọjọ́bọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè máa ti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn jálẹ̀ ọ̀sẹ̀, bí àwọn tó ń ná ọjà láti ìlú kan sí ìkejì.

Àwọn wo ló ń jókòó sídìí tábìlì náà?

Ẹ wo Reformbühne nìkan. Ahne wà níbẹ̀, ọmọ Berlin Ìlà-Oòrùn tí wọ́n bí lọ́dún 1968, tó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Jakob Hein wà níbẹ̀, ọmọ Leipzig tí wọ́n bí lọ́dún 1971, dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Bov Bjerg wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sí gúúsù Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1965.

Wladimir Kaminer náà wà níbẹ̀. Moscow ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1967, ọdún 1990 ló dé Berlin. Kì í ṣe èdè Jámánì ló bá lẹ́nu ìyá rẹ̀, síbẹ̀ èdè Jámánì ló fi ń kọ̀wé, òun náà ló sì ń kà á pẹ̀lú ohùn ará Rọ́ṣíà tó ní. Ìwé rẹ̀ "Russendisko" jáde lọ́dún 2000, ó sì tà gan-an. Òde ijó tó ń ṣe ní Kaffee Burger ló mú orúkọ ìwé náà.

Ọdún mélòó kan ṣáájú, ògiri àti ọmọ ogun tó gbé ìbọn dání ló là àwọn wọ̀nyí láàárín. Nígbà tí Jámánì di ọ̀kan, àwọn ará Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn ṣì ń fura síra wọn, wọ́n sì ń fi ara wọn ṣẹ̀sín. Ní Lesebühne, ìdí tábìlì kan náà ni wọ́n jókòó sí, oníkálukú ń sọ bí ojú tirẹ̀ ṣe rí i, èrò tó wá láti ìhà méjèèjì sì ń jọ rẹ́rìn-ín.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń pe àlejò?

Yorùbá máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ní Lesebühne, ojú àlejò yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ìdí ni pé èrò tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ á mọ ohùn àwọn onílé tán. Wọ́n á mọ ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tó máa bú ìjọba. Bí kò bá sí ohùn mìíràn, oúnjẹ náà á di àjẹsú. Àlejò á mú adùn tuntun wá, á sì jẹ́ kí àwọn onílé jára mọ́ṣẹ́, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí àlejò pa èrò lẹ́rìn-ín ju òun lọ nínú ilé òun.

Ó tún ń ṣe àlejò náà láǹfààní. Ẹni tí kò tíì ní ìwé kankan lè bá èrò tó ti wà nílẹ̀ pàdé, láìjẹ́ pé ó ń wá bó ṣe máa kún gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀. Bí ìtàn rẹ̀ bá dùn, wọ́n á tún pè é. Àwọn mìíràn ti ibẹ̀ di onílé.

Nípasẹ̀ àlejò ṣíṣe yìí ni nǹkan náà fi dé àwọn ìlú mìíràn. Ní Dresden, Lesebühne kan tó ń jẹ́ Sax Royal bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe tiwọn. Ẹni tó bá kàwé ní Dresden lóṣù yìí lè jẹ́ àlejò ní Berlin lóṣù tó ń bọ̀.

Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú poetry slam?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa méjèèjì pọ̀, àmọ́ ìyàtọ̀ wà.

Ìdíje ni poetry slam. Marc Smith ló dá a sílẹ̀ ní Chicago, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1980 sí 1989. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilé ọtí Green Mill. Wọ́n máa ń fún akéwì ní ìṣẹ́jú díẹ̀, èrò á fún un ní máàkì, ẹnì kan á sì gbégbá orókè. Ní Lesebühne, kò sí máàkì, kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tó fìdí rẹmi. Bí ìtàn ẹnì kan kò bá dùn, ẹni tó kàn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bákan náà ló yàtọ̀ sí ti aláwàdà tó ń dá dúró sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé. Aláwàdà yẹn máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, á sì máa sọ ọ́ kiri láti ìlú dé ìlú títí tó fi máa yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òǹkọ̀wé Lesebühne kì í fi bébà rẹ̀ pa mọ́. Kíkọ ló kọ́kọ́ kọ ọ́, èrò sì mọ̀ pé ìwé ni àwọn ń gbọ́.

Báwo ló ṣe dé orí rédíò?

Ìtàn tí wọ́n kọ fún etí kò jìnnà sí rédíò. Ahne ní eré kan tó fi ń bá Ọlọ́run fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀, bíi pé aládùúgbò rẹ̀ ni Ọlọ́run. Orí ìtàgé ló ti ń kà á, kó tó di pé iléeṣẹ́ rédíò radioeins ní Berlin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti Marc-Uwe Kling, tí wọ́n bí lọ́dún 1982. Òun náà wà lára àwọn tó dá Lesedüne sílẹ̀ ní àdúgbò Kreuzberg. Ó kọ ìtàn nípa ẹranko kangaroo kan tó kó wá sílé rẹ̀ láìgbàṣẹ, tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, tó sì ń pe ara rẹ̀ ní kọ́múníìsì. Lọ́dún 2008, iléeṣẹ́ rédíò Fritz bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 2009. Lọ́dún 2010, ètò náà gba ẹ̀bùn rédíò ti orílẹ̀-èdè Jámánì ní ẹ̀ka àwàdà. Fíìmù rẹ̀ dé lóṣù Kẹta ọdún 2020.

Ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀léra: ìtàgé, rédíò, ìwé, fíìmù. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni inú yàrá kékeré, níbi tí òǹkọ̀wé ti lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ ìlà tó pa èrò lẹ́rìn-ín àti ìlà tó kú. Èyí tó kú, á lọ sílé lọ tún un kọ.

Àwọn ìṣòro wo ló ń bá a fínra?

Owó ilé ni àkọ́kọ́. Àwọn àdúgbò tí ilé ti ṣófo ní ọdún 1990 ti di àdúgbò olówó. Schokoladen fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i: wọ́n ti dá ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2012 tí wọ́n máa lé àwọn tó ń lò ó jáde. Àwọn èèyàn fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n dá ìlékúrò náà dúró, àjọ kan láti orílẹ̀-èdè Switzerland tó ń jẹ́ Edith Maryon sì ra ilé náà kí ó lè wà fún ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí irú olùgbàlà bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ni ti àwọn obìnrin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí tábìlì wọ̀nyẹn, àwọn èèyàn sì ti ṣàríwísí èyí léraléra. Kirsten Fuchs wà lára àwọn obìnrin tó yí i padà. Ó dá Lesebühne tirẹ̀ sílẹ̀, Fuchs & Söhne, ní àdúgbò Moabit. Ìwé rẹ̀ "Mädchenmeute" gba ẹ̀bùn ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní Jámánì lọ́dún 2016.

Ìkẹta ni pé ẹni tó bá ti lókìkí á máa rìnrìn àjò, àyè ò sì ní gbà á láti máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti tú ká. Chaussee der Enthusiasten parí tirẹ̀ lọ́dún 2015.

Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé. Lóṣù Kẹta ọdún 2020, gbogbo ilé ọtí àti ìtàgé ní Berlin tilẹ̀kùn. Àwọn kan kàwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti inú yàrá wọn. Àmọ́ ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ àwàdà tí kò gbọ́ ẹ̀rín ẹnikẹ́ni, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni.

Kí ló ń mú èyí tó pẹ́ pẹ́?

Tí a bá wo àwọn tó ti pẹ́ jù, ohun tí wọ́n jọ ní ò le láti kà.

Ọjọ́ wọn kì í yẹ̀. Èrò kì í béèrè bóyá ó máa wáyé.

Tábìlì wọn kéré. Bí ẹnì kan ò bá wá, àwọn tó kù á gbé e.

Wọ́n ń mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Ẹni tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá mọ̀ pé òun ò ní gbọ́ ohun tí òun ti gbọ́.

Wọ́n ń ṣí àyè sílẹ̀ fún àlejò. Ilé tí àlejò kì í yà ò ní pẹ́ dahoro.

Owó ẹnu ọ̀nà wọn kò wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ náà lè wọlé.

Kò sí èyí tó gba owó ńlá nínú gbogbo èyí, àyàfi ilé nìkan. Ohun tó gbà ni pé kí èèyàn máa wá. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Schokoladen fi ká ọ̀pọ̀ èèyàn lára lọ́dún 2012: bí wọ́n bá ti ilé pa, kì í ṣe àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni wọ́n kó dànù, ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni wọ́n pa rẹ́.

Bí ọjọ́ náà bá ṣì wà, òǹkọ̀wé ò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù. Ìtàn tí kò pa èrò lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Àìkú yìí, á mú bébà rẹ̀ padà sílé, á fi bírò fa ìlà sí ibi tí ò dáa, á tún un kọ. Ọjọ́ Àìkú mìíràn ń bọ̀, èrò á sì ti jókòó dè é.